Àlejò ní Ṣọ́ọ̀ṣì Àjèjì: Láti Freetown dé London



Ọ̀kan nínú yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Kánádà kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Ó ní, "Prof, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta la ti lọ láti ìgbà tí a dé. Ìsìn dára, orin dára, ìwàásù ò tiẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n tí a bá ti jáde, ńṣe ló máa ń dà bíi pé a ò lọ síbì kankan." Ó wá bi mí bóyá ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ohun tó lè sọ sí i. Ẹ̀rín pa mí. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ò lè bá ẹnikẹ́ni wá ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín àwa Yorùbá. Ó ti lé ní igba ọdún tí a ti ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì àjèjì nílẹ̀ àjèjì, ìtàn rẹ̀ sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Ìlú méjì ni mo fẹ́ mú wá síbí kí n fi wéra: Freetown àti London. Ìdí tí mo fi mú méjèèjì ni pé òdìkejì ara wọn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní Freetown, ìsìn ni àwọn èèyàn wa kò mọ̀ rí, ṣùgbọ́n ará ilé wọn ló jókòó tì wọ́n. Ní London, wọ́n mọ ìsìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n tiẹ̀ lè kà á lórí, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì wọ́n ni wọn kò mọ̀. Ibi tí wọ́n ti dúró àti ibi tí wọ́n ti kúrò lè yà yín lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Freetown. Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ará ìlú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ogun ojú omi dènà àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú. Ẹrú tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lójú òkun, Freetown ni wọ́n ń gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ padà sílé, ilé náà sì ti lè jóná. Bí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ń tú ká, tí ogun sì ń gba ìlú lọ́wọ́ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tiwa ń pọ̀ sí i nínú ọkọ̀, tó fi di pé àwa la pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Freetown.

Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí gbogbo yín mọ̀. Wọ́n kó ìlú wọn ní 1821. Ní oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú tó wà nínú rẹ̀, oṣù kẹfà ọdún náà ló sì tẹ ilẹ̀ Freetown. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé nígbà tí wọ́n kó àwọn wọ inú ọkọ̀ ogun yẹn, tí àwọn rí ẹran tí wọ́n so kọ́, tí àwọn sì rí ọta ìbọn ńlá tí wọ́n tò jọ, àwọn rò pé ẹran èèyàn ni wọ́n so kọ́ yẹn, pé orí èèyàn sì ni wọ́n tò jọ yẹn. Ẹ fi sọ́kàn o. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ìgbà àkọ́kọ́.

Wọ́n pín wọn sí àwọn abúlé tó wà lórí òkè tó yí Freetown ká: Regent, Bathurst, Gloucester, Charlotte, àti àwọn míì. Gómìnà Charles MacCarthy ló ṣètò rẹ̀ pé kí míṣọ́nárì jẹ́ àlùfáà abúlé, kí ó sì tún jẹ́ alábòójútó rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń pín oúnjẹ àti aṣọ náà ni ẹni tó ní kí wọ́n lu agogo ìsìn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ni kò ní lọ? Nítorí náà, n kì í bá wọn sọ pé ìwàásù ló kọ́kọ́ fa àwọn baba wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ebi àti ìhòòhò wà níbẹ̀, àdánìkanwà náà sì wà níbẹ̀.

Kí ni wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n jókòó? Èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kì í tiẹ̀ ṣe Gẹ̀ẹ́sì ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an nígbà míì, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ Jámánì pọ̀ nínú àwọn míṣọ́nárì CMS ìgbà yẹn. Ará Hanover ni W. A. B. Johnson tó lókìkí ní Regent. Ẹ wò ó báyìí: ọmọ Jámánì ń fi èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ wàásù fún ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Íbò àti ọmọ Haúsá tí kì í ṣe tiwọn náà. Ìlú ọ̀hún kún fún èdè. Nígbà tí Koelle, ọmọ Jámánì mìíràn, gbé ìwé rẹ̀ Polyglotta Africana jáde ní 1854, ó kó ọ̀rọ̀ inú èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún jọ, láìkúrò ní Freetown àti àyíká rẹ̀. Ìwé yẹn ni mo máa ń mú dání wọ kíláàsì, ẹ̀yin tí ẹ gba kọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ mi á rántí ìwọ̀n rẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ Freetown rèé. Àwọn ará ìlú tó kù kò mọ orúkọ tí wọ́n máa pe àwọn èèyàn wa. Àwọn èèyàn wa gan-an kò ní orúkọ kan ṣoṣo nígbà yẹn. Ẹ̀gbá ń pe ara rẹ̀ ní Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà ń pe ara rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, ẹni tó bá pe Ìjẹ̀bú ní Yorùbá á gbọ́ ti ẹnu ẹ̀, nítorí Ọ̀yọ́ ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń kíra wọn. Wọ́n jí láàárọ̀, wọ́n ní ẹ kú. Wọ́n pàdé lọ́nà odò, ẹ kú. Ẹnì kan jókòó, ẹ kú. Ẹnì kan dìde, ẹ kú. Bí àwọn tó kù ṣe sọ wọ́n ní "Aku" nìyẹn. Kí wọ́n tó máa pe gbogbo wa ní Yorùbá, ìkíni wa ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. Àfi kí èèyàn kọ́kọ́ di àjèjì kó tó mọ ohun tó máa ń wà lẹ́nu òun jù.

Èyí ni mo fi ń sọ pé, lórí àga gígùn inú ṣọ́ọ̀ṣì Bathurst, Àjàyí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níwájú, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè kí i. Ó yára kọ́ ìwé kíkà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1825, àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà ìjọ kan ní London tí kò tíì fojú rí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú un lọ sí London fún oṣù díẹ̀, tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Islington. Raban yìí kan náà, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ èdè "Aku" sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn òyìnbó tó ronú pé ó yẹ kí àwọn gbọ́ èdè àlejò ò pọ̀ nígbà yẹn.

Àjàyí padà wá sí London, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà níbẹ̀ ní 1843, ọdún kan náà tí ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tó dé Freetown, ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló wá. Íbò wá, àwọn ará Kàlàbá wá, wọ́n fẹ́ wo nǹkan tuntun. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ nípa ọjọ́ yẹn máa ń dá mi dúró tí mo bá ń kà á. Ó ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè òun ni, ńṣe ló dà bíi pé òun jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, tórí pé ibi tí òun dúró sí àti iṣẹ́ tí òun dúró ṣe ṣàjèjì sí òun. Ẹ ò rí nǹkan! Ọdún méjìlélógún lẹ́yìn tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti mọ ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa, ó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, èdè ìyá rẹ̀ ló wá di àjèjì lórí àga ìwàásù. Nígbà tó parí, ó ní "Kí ó ṣẹ", gbogbo ilé sì gbè é: kí ó ṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yẹn. Lónìí, "Àmín" là ń sọ, ó sì sún mọ́ bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń pè é ju bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é lọ. Kì í ṣe òun nìkan. Àdúrà, àlùfáà, wàásù: ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wọ èdè wa, wọ́n ti wà lẹ́nu wa kí míṣọ́nárì kankan tó dé. Àwọn ògbufọ̀ Bíbélì bá wọn nílẹ̀, wọ́n sì lò wọ́n. Ìdí rèé tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá gbọ́ tí àlùfáà kan ń wàásù, tó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ gbogbo ohun tó jẹ́ ti Mọ̀lúmọ́. Ó yẹ kó kọ́kọ́ wá orúkọ mìíràn fún iṣẹ́ ara rẹ̀ ná. Ṣọ́ọ̀ṣì tí a rò pé a mọ̀ tinú-tẹ̀yìn, àlejò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

N ò ní sọ ìtàn Freetown bíi pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú àwọn Aku: àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti Nova Scotia wá ní 1792, tí wọ́n gbé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi tiwọn dání láti Amẹ́ríkà. Àwọn baba wọn, tàbí àwọn fúnra wọn, ti jẹ́ ẹrú rí. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun bẹ̀rẹ̀ sí í dara pọ̀ mọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn, àwọn tó bá wọn níbẹ̀ kò jẹ́ kí oníwàásù àárín wọn gun àga ìwàásù gangan. Ó lè wàásù, àmọ́ nísàlẹ̀. Ní 1844, ọdún ìsìn Yorùbá yẹn gan-an, wọ́n bínú jáde, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ Anthony O'Connor. Dúdú ló ṣe é fún dúdú o, àtọ̀húnrìnwá àná ló ṣe é fún àtọ̀húnrìnwá òní. Ẹ bá mi pa á mọ́ sápá kan, mo máa padà sórí ẹ̀.

Ohun tó wá kù nílẹ̀ níbẹ̀ lónìí ńkọ́? Ẹ lọ sí Freetown, ẹ kí èèyàn ní èdè Kírìó, á ní "Kushɛ". Ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ pé Òṣogùn wà lórí ilẹ̀ ayé ń fi ẹnu ará Òṣogùn kíni láràárọ̀. Èdè wa kò di èdè ìlú náà, ìkíni wa ló di tìlú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká fo ọgọ́rùn-ún ọdún, ká sì sọdá sí London. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni ìwé kan: Ìwé Àdúrà tí Crowther túmọ̀, tó jáde ní 1850. Ìwé yẹn ni àwọn ọmọ CMS fi dàgbà l'Ábẹ́òkúta, n'Ìbàdàn, l'Éèkó, l'Óǹdó. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sí London lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ ìṣirò owó, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń kàwé lóru, ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ nílùú náà. Yàrá ṣòro rí gbà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu, òtútù ń pani, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì, àbí, ilé Bàbá wa kọ́ ni?

Àwọn ará Jàmáíkà àti Bàbádọ́ọ̀sì tó dé láti 1948 lọ rò bẹ́ẹ̀ náà. Irú ìtàn kan pọ̀ lẹ́nu wọn: èèyàn á múra dáadáa lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ rẹ̀, á lọ jọ́sìn, àlùfáà á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, á dúpẹ́ pé ó wá, á sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má padà wá mọ́, tórí pé ara ń ni àwọn ọmọ ìjọ òun. Kì í ṣe àhesọ. Ìwé ti jáde lórí rẹ̀ láti 1963, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Clifford Hill, ló kọ ọ́. Ní oṣù kejì 2020 ni ìgbìmọ̀ gbogbogbòò Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì wá dìbò pé kí wọ́n tọrọ àforíjì lórí bí wọ́n ṣe gba àwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó gbọ́ àforíjì náà ti wà nínú sàréè.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló lé wa jáde, n ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n mo gbà pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí kò hàn bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí i fúnra mi. Mo dé London ní 1976 láti wá ṣe oyè dókítà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nítòsí ibi tí mo gba yàrá sí, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé mi níbẹ̀. Mo mọ ìgbà tí wọ́n ń dìde àti ìgbà tí wọ́n ń kúnlẹ̀. Àwọn ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ètè tèmi ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lédè Yorùbá, a sì jọ ń parí lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá àgbà kan tó jókòó níwájú mi yíjú padà, ó ṣí ìwé orin mi sí ojú ewé tó yẹ, ó rò pé n ò lè rí i. Ó ṣeun. Àlùfáà bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òtútù mú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kò pọ̀ ju ìyẹn lọ, kò sì sẹ́ni tó béèrè orúkọ mi.

Ṣé wọ́n kórìíra mi ni? N ò rò bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, láti fi èèyàn sílẹ̀ jẹ́ẹ́ jẹ́ apá kan ìwà ọmọlúàbí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́, tó ń da ìbéèrè bò ọ́, òun ni kò mọ̀wàáhù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá láìkí ọ, ó ti bú ọ nìyẹn, ìjà á sì wà nílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo kéré, nítorí náà èmi ni mo kọ́kọ́ ń kí wọn, mo tiẹ̀ ń tẹ orí ba díẹ̀. Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìkíni Gẹ̀ẹ́sì, tí a bá ti dá a lóhùn, ó parí. Tiwa, ìdáhùn ló ń bí òmíràn: ẹ kú àárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí, àwọn ọmọ ńkọ́, ilé ńkọ́. Mo dúró de òmíràn. Kò wá.

Ẹ tún wo ìwé ìsìn náà. Nínú ètò ìsìn 1662 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò, gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ìjọ, Ọlọ́run ni wọ́n ń bá sọ tàbí àlùfáà. Kò síbi tí ọmọ ìjọ ti yíjú sí ọmọ ìjọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kó sì bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ètò ìsìn tuntun tó jáde lẹ́yìn 1960 ló fi ibi tí wọ́n ti ń kíra wọn pé àlàáfíà fún ọ sínú ìsìn, kì í sì í ṣe gbogbo ìjọ ló tètè gbà á. Ẹ ó ní, ṣebí ìwé kan náà la lò nílé, kí ló dé tí kò ṣe wá ní nǹkan kan? Ó rọrùn. Ohun tí ìwé náà kò ní, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń pèsè rẹ̀. Ẹ rántí bí ó ti máa ń rí lábẹ́ igi lẹ́yìn ìsìn: wákàtí kan gbáko, àwọn ìyá ń kíra wọn, àwọn bàbá ń yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Ìdajì ìsìn ni wọ́n túmọ̀ sínú ìwé, ìdajì tó kù a ti ní in tẹ́lẹ̀. Nígbà tí èèyàn wa wá dé ìlú tí wọ́n ti ṣe é, ìdajì tinú ìwé ló bá níbẹ̀. Lóṣù kọkànlá ní London, kò sẹ́ni tó ń dúró lábẹ́ igi kankan.

Ibi yìí ni ìtàn àwọn Aládùúrà ti wọlé, ó sì gba Freetown kọjá, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Adélékè Adéjọbí ni ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ Olúwa tí Wòlíì Ọṣìtẹ́lù dá sílẹ̀ ní Ògèrè ní 1930. Ní 1947 ló gbé ìjọ náà lọ sí Freetown, láàárín àwọn ọmọ-ọmọ àwọn Aku. Ibẹ̀ ni ọmọ ilẹ̀ New Zealand kan, H. W. Turner, tó wá kọ́ni ní Fourah Bay College, ti pàdé wọn ní 1957. Àlejò ni òun náà. Ó tẹ̀ lé wọn, ó jókòó nínú ìsìn tí kò yé e, ó sì wá kọ ìwé ńlá alápá méjì lórí wọn, tó jáde ní 1967. Ní ti Adéjọbí, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Glasgow lẹ́yìn 1960, kò sì padà sílé kó tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní London ní 1964. Ọdún kejì ni ìjọ Kérúbù àti Séráfù náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Gbọ̀ngàn ni wọ́n ń yá, gbọ̀ngàn ìjọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò rẹ́ni kí i níwájú ti lọ gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Ìjẹ̀ṣà ló mú mi lọ sí irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ní gúúsù London, lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún tí mo dé. N kì í ṣe Aládùúrà, wọn ò sì bí mi sí i. A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà lórí ilẹ̀ tó tutù bíi yìnyín. Sùtánà funfun, tùràrí, àbẹ́là, ẹni tó ń ríran, ẹni tó ń gbọ̀n. Ká sọ tòótọ́, ìsìn náà ṣàjèjì sí mi ju ti òyìnbó lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó, ìyá kan ti ní, "Ẹ kú òtútù o, bọ̀dá. Ọmọ ibo ni yín? Ìgbà wo lẹ dé? Ṣé ẹ ti jẹun?" N ò tíì dáhùn èkínní tí èkẹta fi dé. N ò gba sùtánà lọ́wọ́ wọn títí mo fi kúrò ní London, àmọ́ mo jẹ ìrẹsì wọn dáadáa.

Àwọn onímọ̀ tó ń kọ̀wé lórí àwọn ìjọ wọ̀nyí máa ń sọ pé ìran rírí, ìwòsàn àti àdúrà ìdáǹdè ló fa èèyàn. Òótọ́ ni. Ẹni tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò lọ́yà, tí owó ilé ti tán, tí ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ òyìnbó alágbàtọ́, ó nílò ẹni tó máa ríran sí i. Ṣùgbọ́n àlàyé yẹn kò kárí, nítorí pé mo mọ ọmọ Áńgílíkà àti ọmọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n máa ń fi Aládùúrà ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, tí wọ́n sì jókòó síbẹ̀ ní London pẹ̀lú ẹsẹ̀ òfìfo. Wọn ò tíì gba ìran náà gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bathurst ní 1822: ìsìn àjèjì, ará ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fi ìsìn tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n, wọ́n lọ síbi ìsìn tí wọn ò mọ̀, níbi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹ̀sìn kọ́ ni mo ń fi ṣeré o. Mo ń sọ ohun tí ẹsẹ̀ wọn sọ.

Ọ̀rọ̀ àga ìwàásù Freetown tí mo ní kí ẹ bá mi pa mọ́ ńkọ́? Ẹ mú un wá. Àwọn ìjọ Yorùbá ti di ńláńlá ní London báyìí, àwọn kan ti ra ilé ṣọ́ọ̀ṣì tí òyìnbó pa tì. Mo ti jókòó nínú wọn láìpẹ́ yìí. Ọmọ Kóńgò kan tó ń gbé ládùúgbò wọlé, ó jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ń ṣe ìfilọ̀ ní Yorùbá, èèyàn ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láìmọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. A kí ara wa fún wákàtí kan lẹ́yìn ìsìn, ariwo sọ. Kò sẹ́ni tó kí i. Mo lọ bá a, èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, Faransé tèmi sì ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n a jọ gbìyànjú. Ó ti ń wá láti oṣù kan.

Inú irú ìjọ yẹn kan náà ni mo tún rí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Oníwàásù dúró, ògbufọ̀ dúró tì í, gbólóhùn kan Yorùbá, gbólóhùn kan Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ́lẹ̀, nítorí àlejò ni. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, ọmọ Kóńgò yẹn nìkan ni àlejò níbẹ̀. Nítorí ta ni wọ́n wá ń túmọ̀ sí? Nítorí àwọn ọmọ wa ni, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní "Ẹ káàárọ̀, sà" ní aago mẹ́rin ọ̀sán, mo sì dáhùn pẹ̀lú ayọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Mo bi ọ̀kan bóyá ìwàásù yé e, ó ní apá ti Gẹ̀ẹ́sì yé òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, mo fẹ́ kí ẹ ṣe iṣẹ́ kékeré kan fún mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ tẹ́tí sí àwọn ọmọ yín nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Mélòó nínú ìkíni "ẹ kú" ni wọ́n ń lò? Ẹ kú ìjókòó ńkọ́? Ẹ kú àtijọ́? Ẹ kú òtútù? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí ọmọ náà àti ìlú tí ẹ wà, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ ọmọ Kánádà náà, tí o bá rí ṣọ́ọ̀ṣì kẹrin, tìrẹ ni kó kọ́kọ́ dé.

Ó dìgbà kan ná.